Kérésìmesì Lọ́dọ̀ Àwọn Ọmọ Wa ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìbéèrè Àwọn Òbí àti Ìdáhùn

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Ìbàdàn la sì ń gbé. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi jíǹkí wa. Àkọ́bí wa, obìnrin, wà ní London. Èyí ọkùnrin tó tẹ̀ lé e wà ní Manchester. Àbíkẹ́yìn wa ń gbé ní Èkó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ti lọ ṣe ọdún Kérésìmesì lọ́dọ̀ àwọn tó wà lókè òkun, gbogbo ìgbà tí a bá sì dé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nínú ìjọ àti nínú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì máa ń da ìbéèrè bò wá, nítorí pé ọmọ tiwọn náà ti ń ránṣẹ́ pè wọ́n. Mo kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ kí n má baà máa gbàgbé apá kan nígbà tí mo bá ń sọ èkejì. Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ àna àti ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gbé nínú ilé ọmọ ẹni gba àyè ju ọ̀rọ̀ físà lọ. Ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ ètò ìrìn àjò náà?

Oṣù Kẹjọ ni àwa máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe owó sísan. A máa ń pe àwọn ọmọ méjèèjì pọ̀ sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ètò náà lẹ́nu ẹlòmíràn, a ó sì béèrè ọjọ́ tí kálukú wọn ní ìsinmi, ọjọ́ tí àwọn àna wa ti béèrè fún, àti iye ọjọ́ tí ilé kálukú lè gbà wá. Lẹ́yìn èyí ni físà tó kàn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba ìwé ìbéèrè físà àbẹ̀wò ju oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, ìpinnu sì sábà máa ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ka. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún bá ń sún mọ́lé, ẹ má fi ọkàn tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ìdajì oṣù Kejìlá, ó dára kó ti fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ń parí lọ.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, nǹkan kan wà tó ń ran àwa òbí lọ́wọ́. Ní oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ èrò ló ń ti London bọ̀ wá sí Èkó fún ọdún, nígbà tó bá sì di oṣù Kìíní wọ́n á tún máa padà lọ. Ọ̀nà tí àwa ń gbà lòdì sí tiwọn, nítorí náà àyè sábà máa ń wà nínú ọkọ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ga tó tiwọn bí ẹ bá tètè rà á.

Ọmọ wa tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ilé ta ni kí a ti ṣe ọjọ́ Kérésìmesì gan-an?

Ilé kan ṣoṣo ni kí ẹ yàn fún ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ náà, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London. Àwọn ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti ìlú dé ìlú náà kì í ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í jáde títí di ọjọ́ 27. Ibi tí ẹ bá sùn sí ní alẹ́ ọjọ́ 24 ni ẹ óò ti ṣe ọdún.

Ní ìgbà kejì tí a lọ, a kò tíì mọ èyí. A ti ṣèlérí fún ọmọ wa obìnrin pé a ó jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ rẹ̀ ní London, a sì ti ṣèlérí fún àbúrò rẹ̀ pé a ó jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀ ní Manchester. Nígbà tí a rí i pé kò sí ọkọ̀ ojú irin, ọkọ ọmọ wa ní kò burú, òun yóò fi mọ́tò gbé wa lọ. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí igba máìlì. Ó jókòó sídìí ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin nínú òjò àti òkùnkùn, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n nígbà tí a dé. Ibi tí ó yẹ kó wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀, tí ilé rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ sí tiwọn, tó sì ti se oúnjẹ dè é. Nígbà tí mo pe ìyá náà láti tọrọ àforíjì, ohun tó sọ kò ju pé, “Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, mo ti gbé oúnjẹ náà sínú fíríìjì.” Títí di òní ni mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn.

Láti ọdún náà ni a ti pinnu pé bí London bá gba ọjọ́ Kérésìmesì lọ́dún kan, Manchester ni yóò gbà á ní ọdún tí a bá tún lọ, ilé kejì yóò sì gbà wá fún àìsùn ọdún tuntun. Àwọn kan máa ń sọ pé ilé àkọ́bí ló yẹ kó jẹ́ nígbà gbogbo. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àkọ́bí ní iyì tirẹ̀ nínú ẹbí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àbúrò náà fẹ́ jí ní òwúrọ̀ Kérésìmesì kí wọ́n bá bàbá àgbà wọn ní yàrá.

Àwọn àna wa náà fẹ́ kí àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ wọn. Báwo ni a ṣe ń ṣe é?

Ẹ bá àwọn àna yín sọ̀rọ̀ fúnra yín. Ẹ má fi ọmọ ṣe oníṣẹ́, nítorí pé ọmọ tí ẹ bá rán sí àna rẹ̀ pé “àwọn òbí mi fẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì” ti di ẹni tó ń bá ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó rẹ̀ du nǹkan. Nígbà tó jẹ́ pé àwa àgbà ni a pe ara wa, tí mo kí ìyá ọkọ ọmọ mi dáadáa, tí mo béèrè ara àti ilé, tí mo sì wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, àna wa, ọjọ́ wo ni ẹ ti ń fi ọkàn sí?”, òun gan-an ló kọ́kọ́ sọ pé kí a gba ọjọ́ 25, kí òun gba ọjọ́ 26. Ọjọ́ 26 náà jẹ́ ìsinmi níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún àwọn ìyá ìyàwó bíi tèmi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún wa, wọ́n tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wa, gbogbo ènìyàn sì bu ọlá fún wa. Ọlá náà kò tíì kúrò, ṣùgbọ́n kò sọ ilé náà di tiwa. Nígbà tí ìyá ọkọ bá wà nínú ilé pẹ̀lú mi, mo máa ń fi àga tó súnmọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un nídìí tábìlì. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é ni òun náà ti ń dá ẹran àyà tòlótòló sí fún mi, nítorí ó mọ̀ pé eyín mi kò gba egungun mọ́.

Bí àyè bá gbà á, ẹ jẹ́ kí ìdílé méjèèjì jẹun pọ̀ ní ọjọ́ kan. Kí kálukú gbé oúnjẹ kan wá, kí ẹrù náà má baà wọ ọrùn ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó dúró sídìí iná láti ìdájí.

Oyìnbó ni àna tiwa. Kí ló yẹ kí a mọ̀?

Ilé àwọn òbí ìyàwó ọmọ wa ní Manchester ni mo ti kọ́ èyí tí mo mọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ní aago kan, ẹ dé ní aago kan. Oúnjẹ ti wà nínú ààrò, wọ́n sì ti ka ìṣẹ́jú rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀bùn díẹ̀ dání. Bí wọ́n bá gba ẹ̀bùn, ojú yín ni wọ́n ti máa tú u, wọ́n á sì máa retí pé kí ẹ̀yin náà tú èyí tí wọ́n fún yín. Ẹ má gbé e pamọ́ bí a ti ń ṣe nílé, wọn yóò rò pé kò tẹ́ yín lọ́rùn. Orúkọ tí a sọ yín gan-an ni wọ́n máa fi pè yín, kì í ṣe Màmá Lágbájá. Ó dun ọkọ mi ní ìgbà àkọ́kọ́, títí tó fi rí i pé orúkọ gan-an náà ni àna wa ọkùnrin ń fi pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún.

Oúnjẹ ọ̀sán ni oúnjẹ ńlá ọjọ́ náà: tòlótòló tí wọ́n yan, ọ̀dùnkún tí wọ́n yan, ewébẹ̀ tí wọ́n sè, àti àkàrà dídùn dúdú kan tó kún fún èso gbígbẹ. Ata kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ tọkàntọkàn. Ẹ má yọ ìgò ata jáde nínú báàgì lórí tábìlì ẹni ẹlẹ́ni. Wọ́n á fún yín ní adé bébà kan, kí ẹ dé e, nítorí gbogbo ilé ló ń dé e, àtọmọdé àtàgbà. Bó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà wọn máa ń dákẹ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọba, àṣà kan tí Ọba George Karùn-ún bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní ọdún 1932. Ẹ bá wọn gbọ́ ọ. Àwa tí a mọ ohun tí ọba jẹ́ ní ìlú, kò yẹ kó ṣòro fún wa.

Kí ni a lè gbé lọ, kí sì ni kò gbọdọ̀ wọ inú báàgì?

Ẹran kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ sísun tàbí gbígbẹ. Kílíṣí, pọ̀nmọ́ àti wàrà wà lára ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀. Iṣu, ẹ̀fọ́ tútù àti ata tútù kò gbọdọ̀ wọlé láìsí ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, kò sì yẹ kí ẹ fi ìyẹn da ara yín láàmú, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ló wà lórí àtẹ ní Rye Lane ní Peckham, ní gúúsù London, títí kan ata rodo. Gàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ni àwa máa ń gbé. Ẹni tó bá gbé owó tó tó ẹgbàárùn-ún pọ́ùn, ìyẹn 10,000, gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aṣọ́bodè.

Fún àwọn àna wa, àdìrẹ láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo máa ń rà. Ó fúyẹ́, kì í fọ́, ó sì ní ìtàn tí a lè sọ fún wọn.

Òtútù ibẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wọ aṣọ púpọ̀ tó fẹ́lẹ́ lé ara wọn dípò aṣọ kan tó nípọn. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, oòrùn kì í là ní London títí aago mẹ́jọ àárọ̀ yóò fi kọjá, yóò sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ má ṣí fèrèsé nígbà tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, ẹ má sì yí i sókè láìbi onílé, nítorí owó gidi ni wọ́n ń san lórí rẹ̀.

Bí àìsàn bá dé ńkọ́?

Ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìn àjò kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì sọ òtítọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ohunkóhun tó bá ń ṣe yín, nítorí pé ẹni tó bá fi àìsàn pamọ́, wọn kò ní san owó rẹ̀. Bí wọ́n bá sáré gbé àlejò dé ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìtọ́jú tí wọ́n bá fún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, owó ti bẹ̀rẹ̀, ìdá àádọ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń ná ìjọba fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń béèrè. Iye bẹ́ẹ̀ lè kó gbogbo ohun tí ọmọ fi pamọ́ lọ.

Oògùn tí yóò tó yín títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ ìpadàbọ̀ ni kí ẹ gbé, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà, kí ó sì wà nínú báàgì ọwọ́ yín. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, tó ń lo wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ láti Èkó, ẹ máa dìde rìn, kí ẹ sì máa mu omi.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ wa, ó sì máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ṣé kí a má lọ mọ́ ni?

Ẹ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn àti àgbàlagbà, aláìsàn kì í sì í lọ sí ìsinmi ọdún. Ọmọ tiwa náà ṣe iṣẹ́ òru mọ́jú Kérésìmesì lọ́dún tí a lọ kẹ́yìn. Aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀ ló wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, kò lè gòkè, kò lè sọ̀kalẹ̀. Mo gbé omi gbígbóná sínú bésììnì, mo kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀ níbẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde,” mo ní kó jẹ́ẹ́. Ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó sùn títí di aago mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó tú ẹ̀bùn kankan títí tó fi jí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló fúnra wọn sọ pé àwọn yóò dúró. Bí mo bá fẹ́ mú ọjọ́ kan nínú gbogbo ìrìn àjò wa, ọjọ́ yẹn ni n óò mú.

Nítorí náà, ẹ béèrè wákàtí iṣẹ́ wọn kí ẹ tó dá aago oúnjẹ. Bó bá di ọjọ́ 27 kí gbogbo yín tó lè pé jọ, ọjọ́ 27 ni Kérésìmesì yín. Kí ẹ sì ti ra ohun tí ẹ fẹ́ lò sílẹ̀, torí pé òfin ọdún 2004 kan kò gba àwọn ilé ìtajà ńlá láyè láti ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ní England àti Wales.

Báwo ni a ṣe ń gbé nínú ilé ọmọ ẹni láìsí ìjà?

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Bàbá ọmọ ni bàbá ọmọ, ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ ń san owó rẹ̀, tí ó sì ń bá ẹnì kejì gbé inú rẹ̀, ní ààlà, ojú àgbà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ rí i.

Ilé ìdáná ni ààlà náà ti le jù. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo jí ní aago mẹ́fà àárọ̀ láti dín ata sílẹ̀ kí ìyàwó ọmọ mi tó jí, mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Èéfín ata náà mú kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín pariwo, gbogbo ilé sáré jáde pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn, ọmọ kékeré bú sẹ́kún. Ìyàwó ọmọ mi kò bínú, ṣùgbọ́n mo rí i pé mo ti tún gbogbo ìkòkò rẹ̀ tò sí ibi tí kò lè rí wọn. Láti ìgbà náà, mo máa ń béèrè ní alẹ́ pé, “Ìyàwó wa, kí ni kí n bá yín ṣe lọ́la?” Bó bá ní kí n jókòó, mo ń jókòó. Bó bá ní kí n gé ẹ̀fọ́, mo ń gé e bó ṣe ń gé e. Ẹ má sì fi ọbẹ̀ ìyàwó kan wé ti èkejì létí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà yóò dé Manchester kí ẹ̀yin tó dé ibẹ̀.

Ṣé a lè dúró bá wọn tọ́jú ọmọ?

Ẹ lè bá wọn tọ́jú ọmọ-ọmọ yín nínú àbẹ̀wò yín bí òbí àgbà ti ń ṣe, ṣùgbọ́n físà àbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́, kò sì fàyè gba ẹni tó ń fi àbẹ̀wò léraléra sọ ibẹ̀ di ibùgbé. Oṣù mẹ́fà ló mọ fún àbẹ̀wò kan, bí ẹ bá sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ fẹ́ lò, ó dára kí ẹ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Àwọn ọmọ-ọmọ wa kò gbọ́ Yorùbá. Kí ni a ó máa bá wọn sọ?

Yorùbá ni kí ẹ bá wọn sọ. Gẹ̀ẹ́sì kún ilé ìwé wọn, kò sí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì tiwa fẹ́ fi kún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì. Ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní London, Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti fi pè é rí. Ní òwúrọ̀ kan, mo gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà, mo ń kì í, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé ta ni ẹni tí mo ń pè yẹn. Mo ní òun ni, pé ẹni tí a bẹ̀bẹ̀ láti kẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá wa kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn kékeré kan sì wí pé, “Màmá, Àbẹ̀kẹ́ ti jí.” Ọkọ mi dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń nu ojú.

Ilẹ̀ tó ń tètè ṣú níbẹ̀ náà wúlò, nítorí pé alẹ́ ni àkókò àlọ́. Lẹ́yìn aago mẹ́rin, a máa ń pa iná ńlá, a ó tan ti orí igi Kérésìmesì nìkan, ọkọ mi á sì ké pé, “Àlọ́ o!” Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n fi mọ bí a ti ń dáhùn pé, “Àlọ̀!” Àwọn ti Manchester, tí ìyá wọn jẹ́ Òyìnbó, ló ń pariwo jù, ìyá wọn náà sì ti ń bá wọn gbe orin Ìjàpá.

Ta ló ń san owó gbogbo èyí?

Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́ ní gbangba, torí pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní sọ fún yín pé agbára àwọn kò gbé e. Lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn àlejò là ń san án. Lọ́dún kan, mo ṣàdédé rí i pé ọmọ mi ti yáwó fún tíkẹ́ẹ̀tì wa, ó sì ń san án díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù Kẹfà. Nísinsìnyí, àwa ni a ń fi owó ìfẹ̀yìntì àti èso oko wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan, àwọn méjèèjì á dáwó jọ ra ti ẹnì kejì, bí kò bá sì sí ní ọdún kan, a ó dúró sí Ìbàdàn.

Ọmọ wa tó wà ní Nàìjíríà ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ni wọn kì í sábà bi wá, òun sì ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n béèrè. Ọmọ tó wà nítòsí ló ń gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní gbogbo ọdún, òun náà ló sì ń ṣọ́ ilé nígbà tí a bá lọ. Òun ni a máa ń pè kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, ní aago mẹ́fà ti London, tó jẹ́ aago méje lọ́dọ̀ tirẹ̀, kí ó tó lọ sí ìsìn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta oṣù Kìíní ni a ń padà, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló sì ń wá pàdé wa ní Ìkẹjà. A kì í lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Ilé rẹ̀ la ń sùn, àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ á wá láti Ìkòròdú, ìyàwó rẹ̀ á sì yọ adìẹ tó ti fi pamọ́ sínú fíríìsà láti ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá.